Ta Ló Jẹ Ègé Ìkẹyìn Kéèkì Lavonne?

Wọ́n ní Arlys Kolar jẹ kéèkì òkú.

Bí wọ́n ṣe wí i nìyẹn o. Ẹni tó bá gbọ́ kó má bínú sí ẹnu tó ròyìn. Wọ́n ní níbi oúnjẹ ìsìnkú Lavonne Tveit, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí omijé kò tíì gbẹ lójú ẹnikẹ́ni, Arlys na ọwọ́ gbọọrọ, ó mú ègé kéèkì tó kẹ́yìn nínú páànù, ó jù ú sẹ́nu, ó sì gbé e mì. Àwọn tó bẹ̀rù Ọlọ́run ló sọ ọ́ mọ níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù onígẹrun, kì í ṣe ègé kan mọ́, ìdajì páànù ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa gun òkè dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, Arlys ti gbé odindi páànù sábẹ́ kóòtù, ó ti fi ìka nu ìpara dídùn inú rẹ̀ lá, ó sì ti kọjú sí ọkọ olóògbé pé, "Orrin, òkú kì í jẹun, jẹ́ ká má fi nǹkan ṣòfò." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiẹ̀ búra pé ó jẹ páànù mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ẹ̀dá Ọlọ́run, ta ní ń jẹ páànù?

Ẹ jẹ́ ká mọ Arlys yìí ná, kí á tó dá a lẹ́jọ́. Òun ló wa bọ́ọ̀sì iléèwé ní Bell Prairie, ìlú wa, títí àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ gbé fi di bàbá àti ìyá àwọn tó gbé kẹ́yìn. Ó ga bí òpó iná, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ológbò lọ, nítorí kò nílò ohùn. Bí ọmọ kan bá ń ṣe wérewère lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, Arlys á kàn gbójú sókè wo dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn, ọmọ náà á sì rántí ẹni tó bí i. Títí di òní, olórí ìlú gan-an, tó ti ní irùngbọ̀n, tó sì ti yọ ikùn, bí Arlys bá wọ ibi ìpàdé, á na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ọ́ lórí àga.

Nígbà tó gbé bọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó di olórí ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pèsè oúnjẹ fún àwọn tó bá wá sìnkú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ìdáná náà sórí òrùka tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ti wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó kú nínú ìjọ yẹn tí wọn kò fi kọfí Arlys sin, kọfí tó ṣàn débi pé o lè ka ìwé ìròyìn láti inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Ìgbà kan tí ẹlòmíràn pò ó tó ki, àwọn àgbàlagbà kò sùn, wọ́n sì rò pé ìbànújẹ́ ni.

Ó dára. Ọ̀rọ̀ ègé ìkẹyìn wá ńkọ́?

Ní Bell Prairie, ènìyàn lè gbé kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ lọ kí wọ́n dárí jì í. Ó lè fi ọkọ̀ gbá àpótí lẹ́tà aládùúgbò ṣubú, aládùúgbò yẹn náà ni yóò tọrọ àforíjì pé àpótí òun wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ègé ìkẹyìn! Ẹnikẹ́ni kì í mú un. Ẹni tó bá bá a nínú páànù á gé e sí méjì, á mú ìdajì, á fi ìdajì sílẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e á gé ìdajì yẹn sí méjì. Wọ́n á máa gé e lọ báyìí títí tí èyí tó kù á fi dà bí ohun tó jábọ́ lẹ́nu èèrà, síbẹ̀ wọ́n á fi fóìlì bò ó, wọ́n á gbé e sínú fìríìjì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wá láti ìlú ńlá etí òkun. Ní ìgbà ìwọ́wé rẹ̀ àkọ́kọ́ láàárín wa, ó mú ègé páì tó kẹ́yìn níbi àpèjẹ, ó ní, "Ó jọ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ." Láti ìgbà náà ó ti kọ ìwé rẹpẹtẹ, ó ti gba ẹ̀yẹ, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílùú. "Èwo nínú wọn? Háà, èyí tó jẹ páì!"

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ní ó mú ègé ìkẹyìn, wọn kò pè é ní ọ̀jẹun. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé, kò sì sí ìgbà tí yóò ní in.

Ti Arlys wá burú ju ti ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, nítorí irú kéèkì tó jẹ́. Lavonne ló ṣe é fúnra rẹ̀. Iwájú ilé Arlys gan-an ni ilé Lavonne àti Orrin wà, títì ló kàn là wọ́n láàárín, ọ̀rẹ́ àwọn obìnrin méjèèjì sì ti pẹ́ débi pé wọn kì í kan ilẹ̀kùn ara wọn. Lavonne nìkan, yàtọ̀ sí Duane ọkọ Arlys, ló mọ ìgbà tí inú bá ń bí Arlys, nítorí ìgbà náà ni Arlys máa ń fọ ohun tí kò dọ̀tí. Kò sì sí ẹni tó ń ṣe kéèkì elégédé bí ti Lavonne: pẹlẹbẹ nínú páànù, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí, ìpara funfun lórí rẹ̀ nípọn bí yìnyín orí òrùlé. Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wọn wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní oṣù kẹjọ máa ń sọ pé kéèkì yìí ni kò jẹ́ kí àwọn sunkún nígbà tí àwọn ń lọ.

Nígbà tí àìsàn dé, Lavonne dìde ní ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó ṣe páànù kan, ó gbé e sínú fírísà.

"Èyí ni kí ẹ gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú mi," ló wí fún Arlys. "Má ṣe jẹ́ kí Corinne tí ẹ jọ ń dáná ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣe tirẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi kéèkì gbígbẹ rántí mi."

"O ò tíì fẹ́ kú," ni Arlys wí.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Corinne ti ń wo ojú mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀ pé ó ti ń ronú kéèkì."

Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í bọ́ ṣòkòtò péńpé nínú yìnyín pàápàá fi wọ ṣòkòtò gígùn. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Arlys gbé búrẹ́dì ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ kalẹ̀, ó gbé ọ̀dùnkún kalẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé páànù Lavonne. Àwọn ènìyàn ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin; àwọn kan ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ojú dídì. Nígbà tó ku ẹyọ kan, wọ́n gé e. Wọ́n tún un gé. Wọ́n gé e títí ó fi tó sítáǹbù lẹ́tà, níbẹ̀ ni ọ̀bẹ ti sú olúkúlùkù. Arlys fi fóìlì bò ó, ó gbé e wọ ìdáná, ó sì padà wá bu kọfí.

Corinne Hauge ni igbákejì rẹ̀ nínú ìdáná. Obìnrin arẹwà ni, ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dà bí ẹja odò, eegun wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń wọ kóòtù, Corinne wọ ìdáná láti fọ àwo. Ó bá páànù lórí tábìlì, fóìlì ti ṣí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Arlys dúró nídìí síǹkì, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu ẹnu àti imú.

Corinne wo páànù. Ó wo Arlys. Ó tún wo páànù.

"Ó dára," ló wí. "Ìyẹn mà yàtọ̀ o."

Àlejò á rò pé kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Bell Prairie bá wo ohun tí o ṣe, tó ní "ìyẹn yàtọ̀," lọ di ẹrù rẹ. Èébú tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kò sí lẹ́nu wa.

Arlys kò tilẹ̀ fọkàn sí i. Ó rò pé ọ̀rọ̀ fóìlì ni Corinne ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Renae, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, sáré wálé lọ́sàn-án. Arlys àti Duane ń mu ọbẹ̀ tòmátò.

"Mọ́mì, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó, Renae."

"Ẹ jókòó dáadáa. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ jẹ ègé ìkẹyìn kéèkì Lavonne."

Ṣíbí dúró ní agbede-méjì àwo àti ẹnu. "Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó wí i. Gbogbo ènìyàn ló kàn gbọ́ ọ."

"Èmi? Èmi Arlys? Èmi tí mo fi ìdajì bisikí sílẹ̀ lórí àwo ìyá ọkọ mi lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi lọ mọlé, tí ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí pa? Duane! Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí?"

"Ó dùn," ni Duane wí, ó ń wo ọbẹ̀. Ó ti pa ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ràn létí rẹ̀. Ó máa ń pa á bó bá ti rí i tí Renae wọlé láìbọ́ bàtà.

"Tan etí ẹ!"

Duane tan etí rẹ̀. Wọ́n ròyìn fún un. Ó ronú títí. "Lọ bá ẹni tó sọ ọ́ kó o bi í."

"Bi ta? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́!"

Ohun tó ń ro Arlys lára gan-an nìyẹn. Bí ẹnìkan bá dúró lójú títì tó ní "Arlys, olè ni ẹ́," á mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń bá ẹ̀rín jà? Ó dìde, ó gbé omi gbígbóná àti kànrìnkàn, ó bọ́ síta, ó ń fọ fèrèsé nínú òtútù oṣù kejì. Omi náà ń dì sára dígí bó ti ń fi í kàn án. Láti inú ilé, Duane àti Renae ń rí òjìji gígùn kan tó ń fi ìbínú kun ilé wọn ní yìnyín.

"Ó bí i nínú o," ni Duane wí.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sọ̀ pa ènìyàn. Nílé ìtajà, ọmọbìnrin tó ń gba owó bi í léèrè tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Ẹ ti rí gbogbo ohun tí ẹ ń wá, Mà? Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa, àbí?" Níbi ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n rí i dájú pé bisikí méjì ló ṣẹ́ kù lórí àwo, kì í ṣe ẹyọ kan, kí wọ́n má baà gbé ìdẹwò síwájú arábìnrin. Nílé kọfí tó dojú kọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, akẹ́kọ̀ọ́ kan rí i tó ń bọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa àwo rẹ̀ mọ́ra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì kí i pé "ẹ káàárọ̀" bí ọmọ gidi. Kò sẹ́ni tó bú u. Bí wọ́n bá bú u ni, ì bá sàn.

Ìgbà tó wá di ọjọ́ Jímọ̀, Pásítọ̀ Kirsten wá sílé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni Pásítọ̀, ọkàn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ líle máa ń há a lọ́fun bí iṣu gbígbóná. Ó bọ́ bàtà yìnyín rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ó sọ̀rọ̀ tòlótòló ìgbẹ́ tó ń lé oníṣẹ́ lẹ́tà káàkiri àdúgbò. Ó yin fèrèsé, ó ní wọ́n ń dán. Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn yìn mọ́, ó ní:

"Arlys, àwọn obìnrin ìdáná rò pé ẹ ti ṣe gudugudu méje. Wọ́n fẹ́ kí ẹ sinmi."

"Kò rẹ̀ mí."

"Wọ́n ní kí Corinne bá yín mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́. Fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ Àìkú yìí, bó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

Arlys wo kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìdáná yẹn fún ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó ṣí i fún ti Lavonne. Ó ti ní i lọ́kàn pé lọ́jọ́ kan ẹnìkan yóò mú kọ́kọ́rọ́ kan náà, yóò ṣí i fún tòun.

"Ṣé nítorí kéèkì ni?"

"Kò sẹ́ni tó dárúkọ kéèkì," ni Pásítọ̀ sáré wí.

"Ìwọ náà ò dárúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n kéèkì ló kún ojú ẹ. Pásítọ̀, mi ò jẹ ẹ́."

"Mo gbà yín gbọ́." Ó sọ ọ́ bí dókítà ṣe ń sọ pé abẹ́rẹ́ kò ní dunni. "Orrin ni gbogbo wa ń rò. Ó ti pàdánù ìyàwó, kí ó tún wá pàdánù . . . ẹ mọ̀ ọ́n."

"Ó sọ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun?"

"Orrin? Rárá o."

"Ta ló bi í?"

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé àyà. "Arlys! A kì í fi irú ìyẹn da ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀ láàmú."

Ẹ gbọ́ mi! Gbogbo ìlú ti ń bínú nítorí Orrin, wọ́n ti fi ẹ̀rín pa obìnrin kan ní ọ̀sán gangan nítorí Orrin, wọ́n sì fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí Orrin, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan tó ti la ẹnu bi Orrin léèrè. Arlys sin Pásítọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ìdágbére wa níhìn-ín kì í yá. Èèyàn á dágbére nídìí àga, á dágbére lẹ́nu ọ̀nà, á tún dágbére nídìí ọkọ̀. Lọ́jọ́ yẹn Arlys dágbére lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ti ilẹ̀kùn. Pásítọ̀ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

"Mò ń lọ sílé Orrin," ni Arlys wí fún Duane.

"Lọ ṣe kí ni?"

"Lọ bi í."

"O máa bi ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú bóyá ó rò pé o jẹ kéèkì ìyàwó ẹ̀?"

"Àbí kí n máa fọ fèrèsé títí yìnyín á fi yọ́?"

Duane wo fèrèsé. Ó ti pẹ́ tó ti ríta kẹ́yìn. "Gbé nǹkan dání," ló wí.

Ìmọ̀ràn ọlọ́gbọ́n ni. A kì í fi ọwọ́ lásán wọ ilé ọ̀fọ̀. Arlys ṣe àwo àsèpọ̀ kan, ẹran lílọ̀ àti ẹ̀wà tútù nísàlẹ̀, ọ̀dùnkún kéékèèké lódidi lórí bí òrùlé, ó yan gbogbo rẹ̀ nínú ààrò títí ó fi pọ́n. Ó fi aṣọ wé e, ó sọdá títì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, bàtà obìnrin kan wà níbẹ̀, tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n tò pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà. Bàtà Corinne.

Corinne jókòó ní ìdáná Orrin pẹ̀lú àwo àsèpọ̀ tirẹ̀ níwájú. Ẹran lílọ̀, ẹ̀wà tútù, ọ̀dùnkún lódidi.

"Arlys!" ni Corinne wí, ẹ̀rín tàn. "O mà wá o. Báwo ni ara? Ṣé ò ń sinmi?"

"Wọn ò tíì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi tí n ó fi sinmi."

"Ó dára," ni Corinne wí.

Orrin dúró láàárín wọn, ọkùnrin gígùn jẹ́jẹ́ kan tó jẹ́ pé títún dùùrù kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ló fi jẹun, tí kì í sì pariwo nítorí ó ní etí òun níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Láti ìgbà ìsìnkú ló ti rù. Ó wo àwo kan, ó wo èkejì, ojú rẹ̀ dà bí ẹni tí ìgbì omi ń bọ̀ wá bá.

"Ẹ ṣé o," ló wí. "Ẹ ṣé gan-an. Mi ò mọ ibi tí n ó gbé e sí ni. Fírísà ti kún."

"Jẹ́ n bá ọ tò ó!" ni Corinne wí, ó sì ti dìde. Bí ẹ bá fẹ́ mú inú Corinne dùn, ẹ fún un ní fírísà ẹlòmíràn.

Ilé ọkọ̀ ni fírísà náà wà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró yí i ká nínú òtútù. Corinne ń kó àwo àsèpọ̀ àwọn ará ìlú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ẹni tó sè é, ó sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tó ṣe é: èyí iyọ̀ pọ̀, tọ̀hún ọ̀dùnkún rẹ̀ ò jinná. Lẹ́yìn náà ló kan àgbàdo tútù inú ọ̀rá, ó kó o, ó wá kan àwọn ike bọ́tà nísàlẹ̀. Ní Bell Prairie, bọ́tà nìkan ni ẹ kò lè bá nínú ike bọ́tà. Ó ṣí èkíní: ọbẹ̀. Ó ṣí èkejì: ẹ̀wà tútù. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó fi sí ìmọ́lẹ̀.

"Orrin, èérún kéèkì lásán ló wà nínú èyí. Kò tó nǹkan kan. Jẹ́ n dà á nù kí àyè lè gbà wá."

Ó ti gbé ike náà dé orí garawa ìdọ̀tí.

"GBÉ E SÍLẸ̀!"

Arlys ti mọ Orrin láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, kò gbọ́ ohùn yẹn rí. Kódà ajá àdúgbò dákẹ́. Corinne gbé ike náà sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Orrin mú un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà.

"Ti Lavonne ni," ló wí. "Ẹ máà bínú sí mi. Mo mọ̀ pé kò dáa. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo gba ẹ̀yìn ìdáná kọjá kí n lọ tan ọkọ̀, mo rí i lábẹ́ fóìlì. Mo rò pé ẹ máa dà á nù. Mo mú ike kan lórí pẹpẹ, mo gbé e sínú ẹ̀, mo fi sápò. Mo mú ègé ìkẹyìn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ìpànìyàn. "Mi ò jẹ ẹ́ o! Mo kàn mú un ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń retí kí ẹnìkan wá bi mí. Ojú ń tì mí láti jáde. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ó kọjú sí Corinne.

"Arlys wà níbẹ̀," ni Orrin tún wí. "Kò rí mi. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń sunkún sínú aṣọ ìnuwọ́, mi ò fẹ́ dí i lọ́wọ́."

"Mi ò sunkún," ni Arlys wí.

"O sunkún, Arlys. O sun ún gan-an."

"Imú ló ń dà mí!" Ó wá yíjú sí Corinne. Kò pariwo. Ó kàn wò ó bó ṣe máa ń wo dígí bọ́ọ̀sì, Corinne, àgbàlagbà ìyá ọmọ, sì na ẹ̀yìn tọ́ọ́. "Ó yá, Corinne. Sọ ọ́."

"Mi ò sọ pé o jẹ ẹ́."

"O ní ìyẹn yàtọ̀!"

"Ó ṣáà yàtọ̀. Páànù ṣófo, o ń nu ẹnu."

"Nígbà náà kí ló dé tí o ò bi mí? Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni! 'Arlys, kéèkì dà?' Ò bá bi mí, mà bá dá ẹ lóhùn. O fi mí sílẹ̀ kí gbogbo ìlú máa fi ẹ̀rín jẹ mí. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní mo jẹ páànù! Páànù, Corinne! Wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin yìí ti ara ẹ̀ mọ́lé bí ọ̀daràn nítorí ohun tó jẹ́ ti ìyàwó ẹ̀. Torí kí ni? Torí pé ẹnìkan ò fẹ́ ṣe àrífín!"

Etí Corinne pọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Arlys ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ènìyàn.

"Ojú ló tì mí láti bi ọ́," ló wí.

"Ojú yẹn ìbá ti tì ọ́ láti wò mí bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ó wo ilẹ̀. "Máa mú kọ́kọ́rọ́ ẹ lọ́wọ́. Mà á bá wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mà á fi ẹnu mi sọ ọ́."

Orrin ti wọ ilé lọ mú ọ̀bẹ wá. Ó ṣí ike náà, ó gbé e sórí ìdérí fírísà. Ègé kéèkì náà wà níbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìpara funfun ṣì wà lórí rẹ̀.

"Jẹ ẹ́, Arlys," ló wí. "Lavonne á fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ sí ọ."

Arlys gba ọ̀bẹ. Ó wo ègé náà, omi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà nímú rẹ̀. Ó gé e sí méjì, ó mú ìdajì, ó fi í sẹ́nu. Ó jẹ́ kí elégédé náà yọ́ tán lórí ahọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọ̀bẹ sí Corinne.

"Ó kan ìwọ. Ẹyọ kan ló kù. Jẹ ẹ́ kí n wò ọ́."

"Arlys, jọ̀ọ́."

"Kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. A kàn máa ní ó yàtọ̀ ni."

Orrin ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan tó dún bí dùùrù tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn lọ́jọ́ pípẹ́. Corinne gba ọ̀bẹ. Ó gé èyí tó kù sí méjì.

Lọ́jọ́ Àìkú ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó dúró nídìí kọfí, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í, ó tiẹ̀ sọ ọ́ fún olórí ìlú lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìdáná, Arlys ń bu omi kún kọfí kó lè ṣàn dáadáa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń dún ní ìbàdí rẹ̀. Nílé kọfí ẹ̀gbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ṣì ń sọ ti páànù. Ohun tó dára jù ú lọ kì í bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù kejì.

Ṣùgbọ́n ègé ìkẹyìn kéèkì Lavonne wà nínú fírísà Orrin Tveit, nínú ike bọ́tà, lábẹ́ àgbàdo.